Mò Ń Gbé Kámẹ́rà Kékeré Bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán náà ń lọ, yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló kún ṣọ́ọ̀bù mi báyìí.

Ojú Màmá ló ń kó ìdààmú bá wa. Dókítà ní láìpẹ́, wọn ò ní ríran mọ́. Ojú yín ni wọ́n fẹ́ rí kó tó dìgbà náà, àmọ́ látìgbà tí àìsàn ti mú kí ẹ rù, ẹ ò fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́.

Mo bá lọ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ onífọ́tò àdúgbò wa. Kámẹ́rà ńlá kan ló gbé kọ́ mi lọ́rùn. Mo ní, "Ìrìn àjò ni mò ń lọ, mi ò lọ dá sítúdíò sílẹ̀!" Kékeré tó wọ àpò aṣọ mi ni mo mú. Ó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, fọ́tò rẹ̀ kì í sì í ṣú nínú yàrá, kì í sì í rí bàìbàì bọ́wọ́ mi bá tiẹ̀ mì.

Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀. Ẹ má sọ pé kí n dúró dìgbà tára yín bá le. Màmá ní, "Bó ti wù kó rù tó, ọmọ mi ni. Yà á bó ṣe wà." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe.

Kí Ọlọ́run fún yín lókun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá irùngbọ̀n yín, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Màmá rí yín.

Èmi àbúrò yín, aránṣọ.