Kọ̀ǹpútà Tí Àwọn Ọmọdé Kúnlẹ̀ Kí

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Landover, nílùú òyìnbó níbí. Mo kí Bọ̀dá Àkànní àti gbogbo ará ilé ní Mọ́lété. Mo kí Bùnmi, àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bùnmi, má fo ìlà kankan o, mo mọ̀ ọ́. Mo ti fún ìwé ìròyìn àwọn Yorùbá ìhín ní ẹ̀dà kan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí ọ̀pọ̀ wa ló ní ìyá nílé, ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá.

Òtútù ti dé. Ewé ti wọ́ lórí igi, oòrùn sì ń sáré wọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ṣì jẹ́ alábòójútó ní ilé ìkẹ́rùsí. Níbẹ̀, bí ọkọ̀ ẹrù bá dé, a ó já a kíá; ẹnikẹ́ni kì í ṣèpàdé lé e lórí. Owó ń wọlé, owó ilé àti owó iná sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti délé, ara mi kì í balẹ̀. Màá tún àga tí mo tò láàárọ̀ tò. Mi ò rẹ́ni bá jiyàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá iṣẹ́ kún iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ìjọ wa ló jẹ́ nọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé, wọ́n á fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yẹn á sì máa sáré kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yìí, Ìyá Fèyí tó ń gbé ní Springdale, sọ fún mi pé tíṣà ọmọ òun ní Fèyí kì í gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gé sí sílébù, àti pé bí kò bá gbọ́ ọ, ìwé kíkà máa le fún un. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe ohun tí à ń sunkún lé lórí. Ibi iṣẹ́ wa fẹ́ da kọ̀ǹpútà mẹ́fà nù. Mo tọrọ wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ṣe eré sínú wọn: kọ̀ǹpútà á pe ọ̀rọ̀, ọmọ á tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Bà-tà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ì-gbá-lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí iye rẹ̀ bá pé, ọ̀pọ̀lọ́ kan lójú ẹ̀rọ á fò iye ìgbà yẹn.

Ohùn mi ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Àwọn ọmọ tí mo fi gbọ́ lórí fóònù ní ńṣe ló dà bíi pé mò ń lé wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín lọ́jọ́ Sunday yẹn, tí mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkì. Mo bẹ̀ yín pé ọ̀rọ̀ náà nìkan ni kí ẹ sáà pè. Ẹ ní báwo lẹ ṣe máa jágbe bàtà mọ́ ọmọ tí ẹ ò tíì kí, ṣé agbowó-orí ni yín ni? Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ kí ẹ tó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní lọ́kàn láti gé gbogbo ìkíni yẹn kúrò. Ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ó wá ku yàrá tí a ó kó wọn sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ, olórí ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ní àwọn máa wò ó. Ìpàdé kejì, wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà sí i. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la fẹ́ gbàdúrà sí, ihò iná ara ògiri ni? Wọ́n ní ìwé òwò tí mo kà ti ń gùn mí. Ibi iṣẹ́ sì ti ní bí mi ò bá kó kọ̀ǹpútà mi kúrò lọ́sẹ̀ yẹn, ààtàn ni. Ìgbà tí mo dà wọ́n láàmú tán, Bàbá Ìjọ ní ó dáa, kí n kó o wá ní Sátidé. Bí kò bá wúlò, kí n kó irin mi lọ. Pẹ̀lú ìkánjú yẹn, mi ò ráyè gé ìkíni yín.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Àwọn ọmọ fọwọ́ lé máòsì. Ẹ fọhùn nínú ẹ̀rọ: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Fèyí bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀! Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé tí màmá àgbà rẹ̀ bá pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń dá wọn lóhùn. Àwọn tó kù wò ó, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sáàárín wáyà. Ẹ pe ìgbálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó, ó ń wò wá. Ẹ tún kí wọn, wọ́n tún orí balẹ̀. Mo ti ń na ọwọ́ láti paná rẹ̀.

Bàbá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, wọ́n ní ta ni màmá yìí. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Sí kọ̀ǹpútà o! Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Wọ́n wá kọjú sí àwọn ọmọ, wọ́n ní ẹ dìde, màmá àgbà bi yín ní nǹkan, ṣé ẹ ò ní dá wọn lóhùn ni? Mo tún un tẹ̀. Fèyí kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ń mi orí, ó wá tẹ máòsì: ì, gbá, lẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ fò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀, tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ìjọ gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá sórí tábìlì. Wọ́n ní ohun kan ni àwọn fẹ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé ìkíni yẹn.

Ní báyìí, Sátidé kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan ni mo ń kọ́kọ́ débẹ̀. Màá tan ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, màá dán wọn wò, ẹ ó sì máa kí mi láti ọ̀tún, láti òsì, ọ̀kan ò ní parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ gbalaja, wáyà lọ́wọ́ mi. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dìde. Màmá, èmi tí ẹ mọ̀ pé ara mi kì í balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ń tán nínú ẹ̀rọ. Bùnmi, gbé Màmá jókòó ti fóònù ní Sunday tó ń bọ̀, kí wọ́n tún pe òmíràn fún wa. Má sọ pé ó dọ̀la fún mi. Màmá, ẹ kí wọn bó ṣe wù yín. Mi ò ní kán yín lójú.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn yín há. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará àdúgbò, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí kì í jókòó pẹ́,
Káyọ̀dé