Àmì Orí Aye

Bàbá mi tí kì í ráyè,

Ẹ má rò pé mo wá kí yín. Inú ń bí mi sí yín, ó sì ti ń bí mi láti ọjọ́ tí a ti sin yín.

Àná ni Màámi gbé ìwé yín fún mi, èyí aláwọ̀ ewé tí ẹ máa ń fi rọ́bà dè, tó bá yín dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹkún ni mo bá lójú wọn. Wọ́n ti ka ìlà àkọ́kọ́, "Aye ko si nisale," wọ́n sì rò pé ayé ló sú yín kí ẹ tó lọ. Olùkọ́ físíìsì bíi tiyín, ẹ ò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀! Ẹ máa ń ní ó ń fi àkókò ṣòfò.

Mo ní, "Màámi, àyè ni wọ́n kọ, kì í ṣe ayé."

Wọ́n nu ojú. "Àyè wo ni kò sí? Yàrá mẹ́ta ló wà nílé yìí, bàbá yín nìkan ló ń lo méjì!"

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí mi.

Ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju àwa ọmọ yín lọ. Ẹ ní àwọn onímọ̀ kan ń rò pé bí a bá wa ohun gbogbo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a kò ní bá àyè níbẹ̀, a kò sì ní bá ìgbà. Àwọn nǹkan tí kò sí níbì kankan ni a óò bá, tí wọ́n so mọ́ ara wọn, inú síso yẹn ni ibí àti ọ̀hún, àná àti òní, ti ń jáde. Inú yín a máa dùn pé èdè wa ti fura tẹ́lẹ̀: ẹni tí kò ní àkókò, àyè náà ló máa ní òun kò rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà lẹ fi lé mi sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn nílé ìwé, ẹ ò ráyè. Ọjọ́ ìkómọ àkọ́bí mi l'Ékòó, mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní, "Kí ni Èkó sí Abẹ́òkúta? Jíjìn kì í ṣe ohun gidi." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ò wá.

Bí ìgbà kò bá sí nísàlẹ̀, báwo ni ohunkóhun ṣe lè jáde? Ṣé ohun tó jáde kò ní kọ́kọ́ wà láìtíì jáde ni? Àwọn tó ní àyè kò sí, ibo ni wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn kì í jókòó sórí àga, kí wọ́n wo aago, kí wọ́n ka ohun tí ẹ̀rọ wọn sọ? Ó dà bí ẹni tó la ẹnu, tó ní òun ò ní ẹnu.

Mo gbé ìwé náà dé ìdí àdògán pẹ̀lú ìṣáná. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé irọ́ ni jíjìn, kí n lè fi í dárí jì yín. Ẹni tó gbà lóòótọ́ pé ọ̀nà kò sí, tí kò bá wá, ìwé ló dà á lórí rú, kì í ṣe ìkà.

N kò rí i. Gàrí ni mo rí. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ẹyọ gàrí kan tó rọ̀, síbẹ̀ rírọ̀ ẹ̀bà kì í ṣe irọ́. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ náà ni àyè, ohun tí kò sí nísàlẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ lókè.

Ó yé yín, nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé Èkó jìn, pé ẹ̀ẹ̀kan ni à ń kó ọmọ jáde. Ẹ kàn ò wá ni.

Èmi náà ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé tí ẹ pè mí láti ilé ìwòsàn, ohùn yín ti rẹlẹ̀. Ẹ ní kí n wá. Mo ní, "Bàbá, mi ò ráyè, ẹ jẹ́ kó di Sátidé." Ẹ ní, "Kò burú, ọmọ mi." Lọ́jọ́bọ̀ ni Màámi pè. Mo sọ̀ ní gáréèjì Kútò l'Abẹ́òkúta, mo gun ọ̀kadà, kò sì sí ìwé tó lè sọ fún mi pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe gidi. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ bò yín lójú.

N kò sun ìwé náà. N kò sì tíì dárí jì yín. Mo mú bírò, mo ń fi àmì sórí gbogbo "aye" inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Màámi má baà ṣì í kà mọ́. Ó ku ẹyọ kan, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn, tí ẹ kọ nílé ìwòsàn: "Ki omo mi ri aye."

Ṣé kí n rí àyè wá bá yín ni, àbí kí n rí ayé, kí n pẹ́ nínú rẹ̀? Bírò ti wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Bàbá, èwo ni kí n kọ?

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ dé.