Ohùn Rédíò Tó Ń Já Lu Wàásù Jímọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mélòó kan pọ̀. Òrùlé ilé tó ń jò. Ikọ́ ìyá Ràbíù, ìyàwó mi. Iṣu tí mo gbìn sọ́nà Ìpàpó, tí n kò mọ̀ bóyá ikán ti ń jẹ ẹ́. Ilẹ̀kùn tí mo ń rò pé n kò tì, bẹ́ẹ̀ mo ti tì í lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí mo fi ọwọ́ ara mi tò fún mọ́sálásí àdúgbò wa.

Ṣé ẹ rántí bí ohùn yín ṣe máa ń há lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ẹ jẹ́ ládàánì níbẹ̀? Ẹ ó mu omi gbígbóná, ẹ ó tún jáde lọ pe ìrun. Èmi ọmọ iléèwé, ojú máa ń tì mí níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi nítorí ohùn yín. N kò sọ ọ́ fún yín rí. Àbí ẹ mọ̀? Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́, kí ládàánì kankan má fi ọ̀fun jìyà níbẹ̀ mọ́.

Mo ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní Ìbàdàn, mo fi òjé jó wọn pọ̀, mo fi bátìrì mọ́tò gbé e. Nílé, ohùn rẹ̀ mọ́ geere. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tí a kọ́kọ́ lò ó, bí Lèmọ́ọ̀mù ṣe ń kìlọ̀ nípa ọjọ́ ìkẹyìn, ohùn ọkùnrin kan bọ́ sí i láti inú ìwo onírin tó ń gbé ohùn jáde lórí òrùlé, ó ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ. Orin tẹ̀ lé e. Bàbá Síkírù, akọ̀wé mọ́sálásí, kò jẹ́ kí n wọ bàtà tán: “Bàbá Ràbíù, ṣé ọṣẹ yẹn la ó fi fọ ẹ̀ṣẹ̀ wa ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lèmọ́ọ̀mù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n wá tú u kúrò.

Mo pààrọ̀ wáyà gígùn tó lọ sórí òrùlé. Mo ri irin mọ́lẹ̀, mo so wáyà ẹ̀rọ mọ́ ọn, bóyá ohùn àjèjì náà á bá a wọlẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì. Pàbó! Mo fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ni mo bá rántí yín nídìí òfì. Bí aṣọ bá ń wọ́, ẹ kì í gé e. Ẹ ó fi ìka kan òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, títí ẹ ó fi rí èyí tó dẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo ṣí àpótí ẹ̀rọ náà, mo ní kí ìyá Ràbíù dúró lábẹ́ ìwo. Mo já wáyà kan, mo dá a padà, mo já òmíràn.

“Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ o!”

Mo já òmíràn.

“Bọ́ọ̀lù ló kàn báyìí!”

Nígbà tó kan wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kẹ́kẹ́ pa.

“Bàbá Ràbíù, ó ti dákẹ́! Kí lẹ ṣe fún un?”

Bàbá mi, èmi ni mo fi wáyà yẹn síbẹ̀. Nígbà tí mo ń tò ó, mo fi í so ẹ̀yà inú rédíò àtijọ́ kan mọ́ ọn láti fi dán an wò. Ó yẹ kí n yọ ọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo ní, bó bá bàjẹ́ ńkọ́, kí ni n ó tún fi dán an wò? Mo fi í sílẹ̀ nínú àpótí. Nílé, kò rí nǹkan gbọ́. Ìgbà tí wáyà gígùn dé orí òrùlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn wá. Àníyàn mi ló ń polówó ọṣẹ láti ọjọ́ yìí.

Ní Jímọ̀ àná, Lèmọ́ọ̀mù wàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ ketekete. Ládàánì pe ìrun bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ kò yọ. Mo borí, Bàbá mi! Bàbá Síkírù fúnra rẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní ẹlẹ́rọ. Ká ní ẹ wà láyé, ṣé ẹ ó gbà láti lò ó?

Àwọn ará mọ́sálásí kan ní Òkèhò ti ránṣẹ́ pè mí, ẹ̀rọ tiwọn náà ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ẹ̀rù mọ́tò ń bà mí, ẹ̀rù òjò ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò ní kọ̀. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí, bí a bá ti kírun Àsúbà tán, ni n ó gbéra.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.