Bíréèkì Ti Di Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

14, Òpópónà Foundry,
Dudley,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, ọdún 1984.

Ẹ̀gbọ́n mi Maureen ọ̀wọ́n,

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni mo máa kọ́kọ́ sọ: ọwọ́ òsì mi ti kán. Wọ́n ti dì í gbagidi ní ọsibítù. Ẹ̀yìn alùpùpù Desmond ọkọ mi ni mo ti ṣubú, èyí tí ẹ ní kí n má gùn mọ́ látìgbà tí mo ti bímọ. Ọmọ ò sí pẹ̀lú wa, ọ̀dọ̀ ìyá Desmond la gbé e sí.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún Reg ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti lè gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lorna tiwa ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó ti hu eyín méjì, ó sì ń fi wọ́n gé mi jẹ.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi àti Neville ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gun alùpùpù dé òkè téńté ilẹ̀ Norway, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì tí kò tóbi tí kò kéré, tí wọ́n ṣe ní 1958, tí kò lè dé ọjà kó má kán ọ́ìlì sílẹ̀, òun ni wọ́n ní yóò ré òkun kọjá. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti há ara wọn mọ́ ilé pákó ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n gbé táǹkì ńlá lé e, wọ́n jó irin mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àpótí ẹrù, wọ́n sì fi abọ́ tí mo fi ń wẹ ọmọ gbe ọ́ìlì dúdú. Nígbà tí mo bínú, Neville ní, "Ìyàwó wa, ọ́ìlì kì í pa abọ́." Ọlọ́gbọ́n ayé.

Òun náà ló mú ìmọ̀ràn tó burú jù wá. Lára alùpùpù àtijọ́ wa, ẹsẹ̀ òsì la fi ń tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń yí jíà. Ti Neville jẹ́ ti ìsinsìnyí, òdìkejì ni. Ó ní kí Desmond yí tirẹ̀ padà, kí wọ́n lè máa gba alùpùpù ara wọn gùn lọ́nà. Ọkọ mi, tó ti ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì fún ọdún méjìlá, gbà láìjiyàn. Irin ni wọ́n yí o. Ta ló bá wọn yí ẹsẹ̀?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó bẹ̀ mí kí n jókòó sẹ́yìn kó lè mọ bí alùpùpù ṣe máa rí bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Èmi gan-an wá di ẹrù. Nísàlẹ̀ òkè, ọkọ̀ oníwàrà dúró níwájú wa. Desmond fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. Jíà ló tẹ̀. Kó tó rántí, a ti wà nínú ọgbà òdòdó Ìyá Pargeter aládùúgbò wa. Ó dìde, ó ní, "Ṣé táǹkì ò tẹ̀?" Mo ní, "Desmond, ọwọ́ mi." Ó ní òun ń bọ̀.

Neville wá kí mi. Ó ní, "Alùpùpù ò ṣe nǹkan kan o, ìyàwó wa. Ẹsẹ̀ ọkọ ẹ ni kò tíì gbọ́n."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí ni wọ́n ń lọ. Desmond ní kò sáyè láti dá bíréèkì padà mọ́, pé òun ń kọ́ ẹsẹ̀ òun. Mo ń dán an wò. Bó bá ń mu tíì lọ́wọ́, màá ké láti ibi ìdáná pé, "Bíréèkì!" Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ké. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi ẹsẹ̀ òsì lu ilẹ̀. Ó ní ìyẹn dára fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá lọ gbé ọmọ mọ́ra, mo sunkún. Mi ò ní kó má lọ. Òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n bàbá Lorna ni. Kó ṣáà dá bíréèkì padà síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

Reg ló kọ́ Desmond ní alùpùpù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kọ̀wé sí i, tàbí kó wá fúnra rẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ tètè fún mi lésì, kó tó di Sátidé tí wọ́n ń lọ.

Èmi ni àbúrò yín,
Glenys