Ògiri Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìdáná

Ẹ̀yìn Airport Road,
Ìlú Bìní.
Ọjọ́ Àìkú.

Àǹtí mi Tinúadé,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, pẹ̀lú apá tí kò ṣe é gbé sókè. Mo gbà pé ara yín le, iṣẹ́ báńkì ò sì tíì jẹ yín tán l'Ákùúrẹ́. Àwa náà wà, ó kàn rẹ̀ wá ni.

Bàámi ní àwọn àna yín ò gbọdọ̀ bá ògiri dúdú nílé wa lóṣù tó ń bọ̀. Ni wọ́n bá ra ọ̀dà kírímù, tó mọ́ bí ògì tí wọ́n bu mílíkì sí. Nítorí mi ò lọ ilé-ìwé mọ́, èmi ni wọ́n ní kí n máa fi sáńpépà ha ògiri fún Ẹfosa, pẹ́ńtà wa. Odidi ọjọ́ mẹ́ta! Eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọpọlọ mi.

Ibì kan ṣoṣo ni Bàámi ní kí Ẹfosa má fọwọ́ kàn: ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, níbi tí Màámi ti máa ń fi pẹ́ńsù sàmì bí a ṣe ga tó ní gbogbo ọjọ́ ìbí wa, kí wọ́n tó kú. Ẹ mọ̀ pé yàtọ̀ sí inú Bíbélì wọn, ibẹ̀ nìkan ni ìkọ̀wé wọn kù sí.

Lọ́jọ́bọ̀, Bàámi gbàgbé fóònù wọn kékeré sílé. Ẹfosa na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo mú fóònù náà wọ yàrá, mo fi pè é, mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi Bàámi: "Ẹfosa! You dey sleep? Paint everywhere! I say everywhere!" Bó ṣe fò dìde, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo lọ ra búrẹ́dì lọ́jà Santana. Kí n tó dé, ó ti kun ògiri Màámi.

Bàámi jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Oga, na you call me," ó sì fi nọ́ńbà hàn wọ́n. Wọ́n wo fóònù náà títí, wọ́n jókòó. "Á jẹ́ pé èmi náà ni. Láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, orí mi ò dúró lójú kan mọ́." Wọ́n wá bẹ Ẹfosa. Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé kékeré kan, títí kan pé àwọn ti jẹun àárọ̀.

Ó rẹ̀ mí, Àǹtí. Lánàá mo ha ògiri náà, bóyá pẹ́ńsù á yọjú. Sìmẹ́ńtì ló yọjú. Mo lè sín pásítọ̀ jẹ, mo lè sín ẹ̀yin náà jẹ, àmọ́ ohùn tèmi ni mi ò rí lò nínú ilé yìí. Tí a bá ti ṣàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán lónìí, màá jẹ́wọ́.

Kí Olúwa fayọ̀ mú yín dé ilé ọkọ, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ bí irú mi.

Àbúrò yín tó máa ń yọ yín lẹ́nu,
Ayọ̀ọlá.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí o: Mo ti jẹ́wọ́. Wọn ò nà mí. Wọ́n ju ìwé kékeré yẹn nù, wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri kírímù náà. "Dúró dáadáa, olè! Fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀." Ọ̀rọ̀ Màámi gẹ́lẹ́, tí a bá fi ìka ẹsẹ̀ dúró kí a lè ga sí i. Bàámi ò mọ èèyàn sín jẹ rárá, síbẹ̀ Màámi ni mo gbọ́. Àmì tiyín ló kù. Ẹ má wọ bàtà gogoro wálé.