Màámi, Ẹ Dá Mi Lóhùn Àgò Kí N Tó Jó Húlà

Irọ́ ńlá, Kàmọ́rù, ohun tí mo ró sídìí kì í ṣe koríko, ewé ni! Ewé tútù yọ̀yọ̀, èmi fúnra mi ni mo so ó pọ̀. Ìwọ tí ò ń gbé fídíò ìdánrawò mi kiri ṣọ́ọ̀bù bábà ní Ṣágámù, tí ò ń pariwo pé Délé ti di obìnrin ní Amẹ́ríkà, ṣé o lè tẹ orúnkún dúró bẹ́ẹ̀ títí orin kan á fi parí? Itan ẹ á máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ ata! Nínú gbogbo àwa tá a jọ ń jó níbẹ̀, èmi ló mọ̀ ọ́n jó jù. Lọ béèrè.

Ẹ má bínú, Màámi. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbàgbé ara mi. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bọ̀dá Sùnkànmí, mo kí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi àtọkọ ẹ̀, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mọ́tò ni mo wà tí mò ń kọ èyí, èésì ń fẹ́, síbẹ̀ mò ń làágùn. Tọ́pẹ́ tá a jọ ń gbé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló máa ya ìwé yìí ní fọ́tò, á gbé e sórí Facebook, kí gbogbo ẹni tó wo fídíò yẹn lè ka tẹnu èmi náà.

Màámi, mo gbọ́ voice note yín. Ẹ ní tí mo bá tún ró ewé mọ́dìí jó lójú ayé, kí n má pè yín ní ìyá mi mọ́. Orí freeway, títì márosẹ̀ tibí, ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ṣìnà débi pé Richmond ni mo bá ara mi, oúnjẹ tí mò ń gbé lọ fún oníbàárà sì ti tutù pátápátá.

Ẹ gbọ́ tèmi ná. Láti ọjọ́ tá a ti sin Bàámi ni ara mi ò ti gbélé. Pépà mi ò tíì jáde nígbà yẹn, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n jókòó, pé tí mo bá wá wọn ò ní jẹ́ kí n padà. Orí fóònù ni mo ti ń wò yín, nínú yàrá tá a ti ń jẹun ní warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Sùnkànmí ń jó lẹ́yìn pósí, Bọ́sẹ̀ ń jó, ẹsẹ̀ tèmi náà ń jó lábẹ́ tábìlì. Ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já. Ọ̀gá wa yọjú, ó ní ìsinmi ti tán.

Bí ọmọ tó mọ ijó jù nílé ṣe di ẹni tí ò jó fún Bàámi nìyẹn. Látìgbà náà, mi ò lè dúró síbì kan. Mo fi warehouse sílẹ̀, mo fọ mọ́tò, mo bá wọn kó ẹrù ilé, mo wá ń gbé oúnjẹ kiri. Tí wọ́n bá ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti bọ́ síta, mo ní mò ń lọ wo táyà.

Iṣẹ́ oúnjẹ yẹn náà ló gbé mi dé gbọ̀ngán kan nítòsí apartment wa ní Fondren, ní Houston níbí. Àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n ń fọwọ́ jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, màmá àgbàlagbà kan jókòó, wọ́n ń fi akèrègbè lu ilẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ará Hawaii ni wọ́n, àwọn erékùṣù kan láàárín òkun. Húlà lorúkọ ijó wọn, ewé ni wọ́n sì ń ró jó o. Mo sọ fún màmá pé ọmọ Ṣágámù ni mí, èmi ló yẹ kí n máa kọ́ wọn. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá ní Sátidé.

Sátidé dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé bí onílé. Màmá lé mi síta. Wọ́n ní èèyàn kì í ṣàdédé wọbi tí wọ́n ti ń kọ́ húlà. Orin ló máa fi tọrọ ọ̀nà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí olùkọ́ bá fi orin dá a lóhùn ló tó wọlé. Àwọn yòókù kọrin, wọ́n wọlé. Èmi ò mọ orin kankan. Oòrùn Houston, Màámi! Bíi kéèyàn ru ìkòkò gbígbóná. Mo ti fẹ́ máa bá tèmi lọ, ni mo rántí yàrá Bàámi. Ta ló jẹ́ wọbẹ̀ láì kágò? Mo bá na gbalaja sórí kọnkéré, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dín, mo ké e tantan: àgò onílé o!

Àfi bí màmá ṣe gbórin láti inú ilé, wọ́n dá mi lóhùn. Wọn ò gbọ́ Yorùbá o. Wọ́n ní ohun táwọn gbọ́ ni pé ẹni tó wà níta ti mọ̀ pé òun wà níta.

Mo rò pé ìdí la máa jù. Mo ju tèmi, ilé dàrú fẹ́rìn-ín. Màmá ní ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ tó, kí n jẹ́ kí ọwọ́ sọ díẹ̀. Ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú húlà, ìdí kàn ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ni. Ìka tó ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjò nìyẹn. Kò sóhun téèyàn lè sáré ṣe níbẹ̀. Tí mo bá ti wà nídìí ẹ̀, ẹsẹ̀ mi á gbé jẹ́ẹ́. Tí mo bá padà sínú mọ́tò, ó tún di wàhálà.

Òní la máa jó níwájú èrò. Màmá ní kí kálukú wa mú ẹnì kan tó máa jó fún. Bàámi ni mo mú. Orin ọkùnrin kan tó ń rìn nínú òjò lọ sílé bàbá ẹ̀ ni. Mi ò jó lẹ́yìn pósí, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n jó èyí fún wọn.

Kí Bọ́sẹ̀ kà á fún yín. Tó bá kà á tán, ẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàámi, kẹ́ ẹ sọ ọ́ síta pé àgò yà. Èmi á ti na gbalaja lẹ́nu ilẹ̀kùn níbí. Màá jó, torí mo mọ̀ yín. Bó ti wù kínú bí yín tó, ẹ kì í fi ẹni tó ń kágò sílẹ̀ níta.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ojú tó ń wọ̀nà á rí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, títí kan Kàmọ́rù olófòófó.

Èmi ni ọmọ yín, ọba oníjó Houston,
Délé.

Màmá ò fẹ́ kí fóònù dún nínú gbọ̀ngán. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ máa sọ ń bà mí o. Mo ti pa fóònù mi.