Láptọ́ọ̀pù Yín àti Òórùn Asín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kí Ọlọ́hun túbọ̀ fẹ ibojì yín. Èmi ọmọ yín obìnrin, àbígbẹ̀yìn yín, ni mo ń kọ̀wé yìí láti yàrá mi ní àdúgbò Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ń bí mi, ara mi sì ń kọ ohun tí mo rí. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí bí mo bá sọ ọ́ fún Màámi, wọn ò ní lè jẹun.

Ṣé ẹ rántí Mùfútáù? Múfú yín, tó máa ń sùn lé wàláà lórí ní ilé kéú wa ní Ọ̀yọ́, tí ẹ máa ń wọ́n omi sí lójú kó tó jí. Ó ti di ọ̀gá o! Ó ní ṣọ́ọ̀bù níbí, ó ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù fáwọn ọmọ yunifásítì, ó sì ń ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún bámúbámú, jálámíà rẹ̀ funfun báláú, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin gan-an á fẹ́ kírun lẹ́yìn rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, bátìrì rẹ̀ sì ti kú pátápátá. Bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ẹ sì mọ iná wa, bó ṣe ń dé ló ń yọjú padà síta. Pírójẹ́ẹ̀tì tí mo ń kọ, lórí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ti pòórá mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ mi ti kìlọ̀ pé bí mi ò bá gbé e wá kí wọ́n tó ti ilé ìwé, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó jáde. Ta ló fẹ́ ru ẹrù owó ilé ìwé fún ọdún kan sí i, Bàbá? Ṣé Màámi tó ń ta ọṣẹ?

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ ṣáà kọ́ mi. Ìlà kan tí ẹ bá tẹ̀ tán, ẹ ó fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ kí iná tó lọ, ẹ ó ní alihamudulilai, kí ẹ tó bọ́ sórí ìkejì. Ta ló fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ ìgbín bẹ́ẹ̀?

Àwọn lẹ́tà orí bọ́tìnnì rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè gbé e jáde. Ẹ gé bébà pélébé pélébé, ẹ fi kàlámù àti tàdáwà dúdú kọ álífù, bá'ù, tá'ù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè máa tẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kéú. Ìka kan ṣoṣo lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kì í sì í fọwọ́ kàn án láìṣe àlùwàlá. Màámi a máa ní ṣé ẹ̀rọ ló wá di mọ́ṣáláṣí báyìí. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń pààrọ̀?

Mo ṣáà gbé e lọ. Múfú yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó yọ ṣùtì sí i. Ó ní òkú ẹ̀rọ ni, pé nítorí tiyín nìkan lòun ṣe máa gbà á. Ó wá gbé tirẹ̀ jáde. Àlòkù lòun náà o, kò kéré lọ́jọ́ orí sí tiyín, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ ń dán, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé iná dúró dáadáa. Mo ṣí i. Bàbá, òórùn yín ló jáde! Lọ́fíńdà inú ìgò kékeré tí ẹ máa ń fi ra ọrùn ọwọ́ àti etí fìlà láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, òun gan-an ni. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní bóyá ẹ̀yin lẹ ń sọ pé kí n gbà á.

Múfú rí omijé yẹn. Ló bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ fàtíà fún yín. Ó ṣàdúà fún sàréè yín, ó ṣe fún Màámi, ó wá fi í kún un pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí pààrọ̀ wa. Mo ṣe àmín. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣe àmín. Ẹ mọ̀ pé láàrin wa, ohun tí a bá ti ṣe fàtíà lé lórí ti parí. Ta ló ń gba àmín padà sẹ́nu? Mo gbé tirẹ̀, mo fi tiyín sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo tàn án nílé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ohun tó wà lábẹ́ lọ́fíńdà bá dìde. Asín! Asín ló ti tọ̀ sínú rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé, mo gbọ̀n ọ́n, ìgbẹ́ wọn dúdú dúdú ń já bọ́ sórí ibùsùn mi láti ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Irun wọn wà níbẹ̀, àjákù bébà tí wọ́n fi tẹ́ ìtẹ́ wà níbẹ̀. Èébì gbé mi. Mo fi ọṣẹ Màámi fọ ọwọ́ títí, òórùn náà kọ̀, kò lọ. Kí èèyàn gbé lọ́fíńdà tí a fi ń lọ kí Ọlọ́hun, kó dà á sórí ìtọ̀ asín! Tùfíà!

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e padà. Mo bá Múfú tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù yín, ó ń fi èékánná họ àwọn lẹ́tà yín kúrò, ó ń fẹ́ wọn dànù bí èèpo ẹ̀pà. Álífù ti lọ. Bá'ù ti lọ. Ó ní ìdọ̀tí yẹn ń bọjà jẹ́ ni. Ìdọ̀tí! Lẹ́tà tí ẹ fi pàṣán kọ́ ọ kó tó mọ̀ ọ́n! Mo ní kó fún mi ní nǹkan mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àbúrò, ṣé o ti gbàgbé fàtíà ni? O ṣe àmín o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tú ohun tí a ti fi àdúà dì.”

“Bàbá mi lẹ ṣe fàtíà fún, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ṣe é fún asín.”

Mo tan ẹ̀rọ rẹ̀, mo gbé e sáàrin ṣọ́ọ̀bù, mo ní ká jẹ́ kó gbóná ká lè jọ ṣe àmín mìíràn. Ó fẹ́ pa á, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan tó wá ra ọjà fi di imú. Ó ní, “Haa, kí ló kú síbí?” Ó jáde, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ni Múfú, alùfáà wa, bá ti ẹ̀rọ yín mọ́ mi láyà pé kí n máa gbé òkú mi lọ. Ó sì tún mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń fà á lọ. Ojú ò tì í rárá! Ó kó mi nírìíra ju asín lọ, torí asín ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun kì í rùn.

Mo ti gé bébà mìíràn, mo fi báírò kọ álífù àti bá'ù, mo lẹ̀ wọ́n padà. Tèmi wọ́, ẹ má bínú. Mo ń tẹ ìlà kan, mo ń fi í pamọ́. Bí iná bá lọ, ìlà kan ló ń bá a lọ. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ, mo sì máa bá wọn jáde lọ́dún yìí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá má kọ̀wé yìí. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá mo wọkọ̀ ní Takie níbí, mo lọ kí Màámi ní Ọ̀yọ́. Ìgò lọ́fíńdà yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn, inú fìlà yín ni wọ́n ń fi í sí. Bó bá di Jímọ́ọ̀, wọn á ṣí i, wọn á gbé e símú, wọn á dé e padà. Wọn kì í lò ó, kó má bàa tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní kí n mú ọwọ́ wá, wọ́n fi díẹ̀ ra ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n gbóòórùn bàbá mi.

Asín ni, Bàbá. Asín ni mo gbọ́. Èébì tún gbé mi, mo gbé e mì. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo ní ẹ̀yin gan-an ni.

Mo gba ẹ̀rọ yín padà lọ́wọ́ Múfú, òórùn yín ò bá a wá. Báwo ni mo ṣe máa gba ìyẹn? Ọ̀dọ̀ ta ni mo máa gbé e lọ? Nígbà tí mo ń padà bọ̀, Màámi kán díẹ̀ sórí òwú, wọ́n dì í sínú ọ̀rá fún mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Mi ò tíì tú u. Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní bá yín níbẹ̀.

Iná ti ń ṣẹ́jú. Mo ti fi ìlà yìí pamọ́, Bàbá. Alihamudulilai.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé báyìí, tí ojú yín ń pa gan-an.